Inú Tó Ń Run Ọmọ Láràárọ̀: Ṣé Ọgbọ́n Ẹ̀wẹ́ Ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Sábó ní Ìkòròdú ni mo ti ń ta aṣọ òkìrìkà, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, SS2 ló wà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí inú ti ń run ún láràárọ̀. A ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó ń jágbe mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Ó fẹ́ràn irun dídì, kò tún fọwọ́ kan irun mọ́. Ṣùgbọ́n kì í sunkún, ó ń jẹun, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nídìí fóònù. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Wòlíì wa ní ká mú un wá fún àdúrà àti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ní ká gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, àbí nǹkan kan ń ṣe ọmọ yìí lóòótọ́?" Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọjà o, màmá. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ju inú rírun lọ. Bí ẹ bá gba ọmọ gbọ́, ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ ń kẹ́ ọ̀lẹ. Bí ẹ ò bá gbà á gbọ́, ẹ̀rù ń bà yín pé nǹkan á ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kúrò nílẹ̀. Inú náà lè máa run ún lóòótọ́ kó má sì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Iṣan tó ti inú ọpọlọ wá dé ìfun pọ̀ gan-an. Bí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ bá gba ọkàn, ìfun á máa fún pọ̀, á máa lọ́. Ẹni tó bá ti dúró de èsì WAEC rí, tó ń sáré lọ sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, mọ ohun tí mò ń sọ. Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tó ti ń wá ni ẹ kò tíì rí.

Táífọ́ọ̀dù ẹlẹ́ẹ̀mẹta yẹn kò yà mí lẹ́nu. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ làábù àdúgbò ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Widal, kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó ti bá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jà ló ń wò, àwọn yẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Widal kan ṣoṣo, lára ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbóná, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Bí dókítà bá fura sí táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n wò bóyá kòkòrò á hù nínú rẹ̀ ní làábù. Ìyẹn ń gba ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Síbẹ̀, ẹ má fo àyẹ̀wò ara. Ìrora tó ń jí ọmọ lójú oorun lóru, tó dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn dípò àyíká ìdodo, èébì, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara gbígbóná, tàbí kí ọmọ máa rù, gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ dókítà kíákíá. Ẹ bi í bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń lọ, ẹ mọ jínótáìpù rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe àyẹ̀wò oyún láìsọ ọ́ di ẹjọ́.

Ohun tó máa là á yé yín jù lọ ni àkókò. Ẹ ra jọ́tà kékeré kan. Fún ọjọ́ 14, kí ẹ máa kọ nǹkan mẹ́rin lálaalẹ́: ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí, ohun tó jẹ, ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún àti ìgbà tó dáwọ́ dúró, àti ohun tó ń dúró dè é lọ́jọ́ náà. Inú tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè, tó le ní aago 6 àárọ̀ Mọ́ńdè, tó rọlẹ̀ ní aago 10 nígbà tí ilé ìwé ti wọlé tán, tí kò sì sí lọ́jọ́ Sátidé tàbí nígbà ọlidé, ilé ìwé tàbí ọ̀nà ilé ìwé ló ń nàka sí. Bó bá jẹ́ Túsìdè àti Tọ́sìdè nìkan ló ń le, ẹ wo táìmtébù: ta ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ méjèèjì yẹn? Àbí ọjọ́ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni? Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdè, tí òpin ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, ilé ni kí ẹ yẹ̀ wò, pàápàá ẹni tó máa ń wá kí yín tàbí tó ń sùn sílé yín. Èyí tí kò mọ ọjọ́, tí kò mọ wákàtí, ẹ tún gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ wá sọ pé kì í sunkún, pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ìbànújẹ́ ọ̀dọ́langba kì í sábà jọ ti àgbàlagbà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ pàápàá kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé lára ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ìbínú kíákíá lè dúró fún ìbànújẹ́. Ọmọ tó ń jágbe nítorí pé wọ́n gbé síbí rẹ̀ kúrò níbi tó fi sí, kì í ṣe síbí ló ń bá jà. Ó tún lè bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú 20, kó tó di pé ó dojú kọ ògiri. Nítorí náà, kì í ṣe ìbànújẹ́ ni kí ẹ máa wá, àyípadà ni. Ẹ fi ọmọ yín wé ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ má fi wé ọmọ ìyá àdúgbò. Ọmọ tí kò fẹ́ràn àtijáde láti kékeré, tí kò sì jáde lónìí, kò yí padà. Ọmọ tó ń dirun ní gbogbo Sátidé, tó wá jáwọ́, ti yí padà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, irun yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, ó ju inú rírun lọ. Bí àyípadà bẹ́ẹ̀ bá wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń ba ilé ìwé, oorun tàbí ọ̀rẹ́ jẹ́, ó ti kúrò ní ìṣe ọmọdé. Tiyín ti pé oṣù mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú tún wà ńbẹ̀. Ìdílé tí bàbá ń kúrò nílé ní aago 4:30 àárọ̀ kó tó di pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 bẹ̀rẹ̀, tó ń wọlé ní aago 10 alẹ́, tí ìyá sì wà lọ́jà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ tí wọ́n ń rí ni ọmọ tó ti múra ilé ìwé tàbí tó ti fẹ́ sùn. Mi ò fi bú yín, owó ilé ìwé kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ lè rí láàárín àkókò díẹ̀ tí ẹ ní. Ìwé rẹ̀ ló dára jù. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ẹ ní kí ó gbé ìwé márùn-ún wá, ẹ tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo déètì tó wà lókè ojú ewé, láti ẹ̀yìn síwájú. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà: ibi tó ti dẹ́kun fífà ìlà sábẹ́ àkọlé, tí nóòtì ti dáwọ́ dúró láàárín gbólóhùn, tí gbogbo ẹ̀yìn ìwé ti kún fún yíyàwòrán ṣáá. Bí ìwé márààrún bá yí padà lọ́sẹ̀ kan náà, nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, ìṣòro náà wà nínú kíláàsì yẹn. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lè sọ déètì fún yín báyìí, ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè má rántí.

Àwọn nǹkan mìíràn tí kò gba àkókò: irun tí ilé ìwé yàn fún ọ̀sẹ̀ náà tí kò dì, súẹ́tà tàbí apá gígùn tí kò bọ́ nínú ooru, èyí tó lè máa bo ibi tó ń fi réésà ya ara rẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán tí kò tó jẹ mọ́ tàbí tó ń sọnù, ìlò fóònù tó yí padà, bíi kó máa ta gìrì bí ìró bá dún. Oorun náà ńkọ́? Ọ̀dọ́langba nílò oorun wákàtí 8 sí 10, aago ara wọn sì máa ń sún síwájú nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà, tí oorun kì í fi í tètè kùn wọ́n lálẹ́. Ọmọ tó sùn ní aago 11, tó jí ní aago 5 torí kó lè bá ọkọ̀ kórópe, oorun ń jẹ ẹ́ níyà, ọ̀lẹ kọ́. Àmọ́ ẹni tó ń jí ní aago 3 òru tí kò lè padà sùn, tàbí tó sùn gbogbo Sátidé tí kò sinmi, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ tún fetí sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde. Àwọn ọmọ wa kì í sọ pé "inú mi bàjẹ́." Ohun tí wọ́n ń sọ ni "ó rẹ̀ mí," "orí ń fọ́ mi," "kò sí nǹkan kan, mà." Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń dùn mọ́ àgbàlagbà nínú, torí pé ó ní ọ̀wọ̀ nínú. A ti kọ́ ọmọ pé kì í ranjú mọ́ àgbà, kì í jiyàn, kì í mú ẹjọ́ wá sílé, lẹ́yìn náà la wá ń retí pé kó ròyìn ọkàn rẹ̀. "Ó ti sú mi" ni kí ẹ máa fi etí méjèèjì gbọ́. Bó bá ń tọ́ka sí nǹkan kan, iṣẹ́ ilé tàbí ìdánwò, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí kò bá tọ́ka sí nǹkan kan, tó jẹ́ "gbogbo ẹ̀ ti sú mi," ẹ jókòó. Àwọn méjì kan sì wà tí wọn kì í kọ lẹ́tà nípa wọn sí mi. Ọmọkùnrin tó di alágídí, tó ń pẹ́ níta, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìgbó tàbí kódíìnì, wọ́n á nà án, wọn ò ní bi í léèrè. Ọmọ kejì ni èyí tó ṣàdédé dára jù: kò béèrè owó mọ́, ó ń fọ abọ́ tí wọn ò ní kó fọ̀, ó ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe. Bí irú ọmọ yẹn bá tún ń fi aṣọ tó fẹ́ràn tọrẹ, tàbí tí ara rẹ̀ ṣàdédé balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ pípẹ́ tí kò láyọ̀, ẹ má dúpẹ́ síbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Kí ló ń fà á? Kì í sábà jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo. Ó lè wà nínú ìran, bí ìyá àgbà tàbí arákùnrin bàbá bá ti ní irú ìrẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ tó da ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń dúró lójú ọ̀nà, ìjà bàbá àti ìyá tí ẹ rò pé wọn ò gbọ́, ọ̀fọ̀ tí a ní kó gbàgbé. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Bó bá sọ irú èyí fún yín, ẹ má bi í pé kí ló dé tó lọ síbẹ̀. Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀; bí kò bá tíì pé wákàtí 72, oògùn tó ń dènà àrùn HIV ṣì wúlò, nítorí náà ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ò ní rí ìdí kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì 1 nínú 7 láàárín ọmọ ọdún 10 sí 19 ló ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn, inú ilé tó dára sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Ní ti bí ẹ ó ṣe bá a sọ̀rọ̀, ẹ má pè é wá sí pálọ̀ kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ jókòó tì í. Ìjókòó ẹjọ́ nìyẹn. Ìdí irun ni kí ẹ lọ. Ẹ gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kó jókòó sáàárín orúnkún yín, kó kẹ̀yìn sí yín. Kò rí ojú yín, ẹ ò rí tirẹ̀, ọwọ́ yín sì wà lórí rẹ̀. Ẹ dì tó ìlà méjì kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Ẹ má bi í pé "Kí ló ń ṣe ọ́?", torí "kò sí" ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Mo rí i pé o ò lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dirun mọ́ láti bí oṣù mélòó kan. Mi ò bínú. Ó kàn ń wá sí mi lọ́kàn ni." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ di ìlà mẹ́ta mìíràn nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde, kódà bó bá jẹ́ kékeré, ẹ má sọ pé "Ṣé ìwọ lò ń san owó ilé ni?", ẹ má sì sọ ti ayé ìgbà tiyín tí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. "O ṣeun tó o sọ fún mi" ti tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan, irun ṣì ń bẹ láti dì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àǹtí kan tó fẹ́ràn, ó lè jẹ́ ẹni yẹn ló máa sọ ọ́ fún. Ẹ má jowú.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í lójúkojú, bó ti wù kó wúwo tó: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé kó o má sí láyé mọ́? Ṣé o ti rò ó pé kó o pa ara rẹ?" Àwọn kan gbà pé bíbéèrè ló ń fi èrò náà síni lọ́kàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ara á tilẹ̀ tu ọmọ tó ti ń dá a rò. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má máa sọ "ikú yá ju ẹ̀sín" létí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Àwa mọ̀ pé òwe ni. Ọmọ ọdún 15 lè gbà á bí ìmọ̀ràn. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ọ̀tápiápiá, Sniper, omi Hypo àti gbogbo oògùn kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe kí ẹ gbé e sórí àjà. Bó bá ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì, torí ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ mú ìgò náà dání, ẹ sáré lọ sí ìdí pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, tàbí kí ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ má pa irọ́ fún dókítà nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ilé ìwòsàn ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ilé ẹjọ́ rán ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Ní ti wòlíì yín, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ̀sìn ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ró, ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń gbàdúrà fún òun kì í nìkan wà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọ tí inú ń run yóò dá kún un. Bí wọ́n bá sì sọ fún un pé ẹ̀mí burúkú ló wà nínú rẹ̀, ìtìjú tó ń bá a jà tẹ́lẹ̀ á wá di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún un nílé, láìsí ẹgba, láìsí pé ó sùn síbẹ̀.

Ọ̀nà tó kù ni ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀ pẹ̀lú jọ́tà yẹn lọ́wọ́, ẹ bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀lẹ, ta ló ń jókòó tì tẹ́lẹ̀, ta ló jókòó tì báyìí. Lẹ́yìn náà, Jẹ́nẹ́rà. Ẹ sọ fún dókítà pé ìwà ọmọ ti yí padà, kì í ṣe inú rírun nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn ibà kẹrin ni ẹ ó gbé wálé. Ẹ ní kí ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀yin níbẹ̀. Bó bá yẹ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí ẹ̀ka tirẹ̀ tó wà fún ọmọdé àti ọ̀dọ́langba wà ní Òṣòdì. Ẹ lè wọ ọkọ̀ Òṣòdì láti Máìlì 12. Orúkọ Yábàá ń ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń dé láàárọ̀, wọ́n ń padà sílé lọ́sàn-án. Ọ̀nà jìn o, ọjọ́ kan á ti bọ́ lọ́wọ́ ọjà yín nígbàkígbà tí ẹ bá lọ, ìtọ́jú náà kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sábà ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkẹrin ni kí ẹ sì ṣọ́ ọmọ jù, torí ara àwọn kan kì í balẹ̀ nígbà yẹn, èrò ikú sì lè pọ̀ sí i. Ẹ má ra oògùn oorun fún un ní kẹ́míìsì.

Mi ò rí ọmọ yín, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ àìsàn kankan lé e lórí. Ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì, ó lè jẹ́ ẹ̀rù ẹnì kan ní ilé ìwé tó máa rọlẹ̀ bí ẹ bá yí kíláàsì rẹ̀ padà, ó sì lè jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì. Ohun tó dá mi lójú ni pé oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù láti máa dúró wò ó, nítorí náà bí ẹ ṣe ń kọ jọ́tà náà ni kí ẹ ti máa gba ọjọ́ dókítà.

Ó ku fóònù. Ẹ sọ fún bàbá wọn pé kó má gbà á ní òjijì. Bó bá jẹ́ pé inú fóònù ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un wà, ẹ ti gba ìyẹn náà. Bó bá sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ẹni tó ń dẹ́rù bà á wà, bóyá tó ń fi fọ́tò ìhòòhò halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rí ni ẹ ń jù nù: wọn kì í san owó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pa mẹ́sééjì rẹ̀ rẹ́. Ẹ yan ibì kan tí ẹ ó ti máa ṣáájì fóònù ní pálọ̀, kí gbogbo fóònù ilé máa sùn síbẹ̀ láti aago 10 alẹ́ títí di àárọ̀, ti bàbá wọn àti tiyín náà.